Béèrè Kí O Tó Bínú

Ọ̀ràn tí àwa fẹ́ gbé ka iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ràn tuntun, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ń ba ilé jẹ́ ju olè lọ. Èyí ni àṣà kí ènìyàn máa bínú sí ọmọnìkejì rẹ̀ kí ó tó mọ ohun tí ẹni náà ní lọ́kàn. Bí olè bá kó ẹrù lọ, a lè ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ìbínú bá ti sọ, kò sí ọjà tí a ti lè rà á padà. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Àwa kò ní wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ kí á yà sí Ẹ́sítéètì Jákàńdè ní Ìlàsàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, ní ẹ̀bá títì ńlá tí ó ti Lẹ́kì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Orúkọ Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè ni a fi ń pe ibẹ̀, ẹni tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1979 títí di òpin ọdún 1983, tí ó sì di olóògbé ní oṣù kejì ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ agbègbè Èkó ni ó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí, kí àwọn tí owó wọn kò tó ti ọlọ́rọ̀ lè rí òrùlé sùn sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù keje ọdún 1990, ní àkókò tí Ọ̀gágun Rájì Ràsákì jẹ́ gómìnà ológun, ìjọba wó Màrókò palẹ̀, ibi tí a ṣírò àwọn ará rẹ̀ sí nǹkan bí 300,000 ènìyàn. Ọjọ́ méje péré ni a fi kìlọ̀ fún wọn. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó pàdánù ilé ni a kó wá sí àwọn ilé tí a kò tíì kọ́ parí, ní Ìlàsàn yìí àti ní ibòmíràn.

Kí ni ìtàn yìí ní í ṣe pẹ̀lú ìbínú? Ó ní púpọ̀ í ṣe. Ẹni tí katakata bá ti wó ilé rẹ̀ lójú rẹ̀, tí a sì ti bá lò bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan, a máa rí ẹ̀gàn níbi tí ẹ̀gàn kò sí. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní irú ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wá láti Màrókò, ẹni tí ìjọba fún ní ilé, ẹni tí ó ra ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti ayálégbé tí ó dé lánàá, gbogbo wọn ni í jọ gba orí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo kọjá. Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ìgbò, Ẹ̀gùn àti ará Òkè-Ọya kò gbẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí kò dára lójú ẹnìkejì, ó yá onítọ̀hún lára láti wí pé, “Ó ń fi ojú di mí nítorí ibi tí mo ti wá.” Ọgbẹ́ àtijọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpèjúwe kan sọ ọ́. Kí á wí pé obìnrin kan tí ń gbé ìsàlẹ̀ fọ aṣọ, ó sì sá a sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí ó padà dé, omi ti ń ṣàn wá láti òkè, ó sì ti rin gbogbo aṣọ náà gbingbin. Kíá, ó ti mọ ìdí rẹ̀: ìyá tí ń gbé òkè kò kà á sí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí owó ìkólẹ̀ ni ó ti ń wá ọ̀nà àti gbẹ̀san. Ó bọ́ síta, ó ké rara, ó mẹ́nu kan ọkọ, ó mẹ́nu kan ọmọ, ó mẹ́nu kan ìlú tí obìnrin náà ti wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ kékeré kan ni ó ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ ní òru nígbà tí omi kò sí, tí ó gbàgbé láti tì í. Nígbà tí omi dé, gbogbo ará ilé náà ti lọ sí ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé. Ìyá tí à ń bú kò tilẹ̀ sí ní ilé. Ìyàlẹ́nu ni yóò jẹ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́ láti gbọ́ pé òun jẹ́ ọ̀tá ènìyàn.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn obìnrin ìsàlẹ̀ náà. Ohun méjì ni ó wà níbẹ̀, ó sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Èkínní ni ohun tí ojú rẹ̀ rí: omi ń kán, aṣọ rin. Òtítọ́ ni èyí. Èkejì ni ohun tí ọkàn rẹ̀ fi kún un: ẹni òkè kórìíra mi. Èyí ni kò sí ẹni tí ó sọ fún un. Ojú wa a máa rí ìṣe ènìyàn. Èrò ọkàn rẹ̀ kì í hàn sí ojú. Àwa fúnra wa ni a máa ń hun ún, òwú tí a sì fi ń hun ún ni ẹ̀rù wa, àárẹ̀ wa, àti ìjà àná.

Àlùfáà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe yìí. Ẹ̀yin tí ń ka Ìwé Mímọ́ mọ ìtàn Eli àti Hanna ní Ìwé Samuẹli Kìn-ín-ní, orí 1. Eli rí i pé ètè obìnrin náà ń mì, kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Títí dé ibẹ̀, òtítọ́ ni ó rí. Ṣùgbọ́n ó fi ọtí kún un láti inú ara rẹ̀, ó sì bá obìnrin tí ń sunkún níwájú Ọlọ́run wí gẹ́gẹ́ bí ọ̀mùtí. Ohun tí ó gba Eli là ni pé, nígbà tí Hanna fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn, ó gbọ́. Kò takú sórí ohun tí ó ti sọ. Lójú kan náà ni ó yí ìbáwí padà sí ìbùkún.

Ìwé Mímọ́ kan náà fi ọ̀nà méjì hàn wá, a ó sì fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí ẹ lè rí ibi tí olúkúlùkù já sí.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti Hanuni, ọba Ammoni, nínú Ìwé Samuẹli Kejì, orí 10. Nahaṣi bàbá rẹ̀ kú, Dáfídì sì rán àwọn ìránṣẹ́ láti bá a kẹ́dùn, nítorí pé Nahaṣi ti ṣe é lóore rí. Ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè Hanuni sọ fún un pé, amí ni wọ́n, wọ́n wá wo ibi tí ìlú ti ṣe aláìlágbára ni. Hanuni kò béèrè ọ̀rọ̀ kankan. Ó fá ìdajì irùngbọ̀n àwọn oníkẹ̀ẹ́dùn náà, ó gé agbádá wọn dé ìdí, ó sì lé wọn lọ. Láti inú ìtìjú yẹn ni ogun ti bẹ́ sílẹ̀, àwọn ará Siria wọ inú rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì kú. Ẹ wò ó: ẹni tí ó wá kí ni nílé ọ̀fọ̀ ni a sọ di ọ̀tá. Ẹ sì wo àwọn tí ó fa ọ̀rọ̀ náà: àwọn tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọba ni. Títí di òní, ní orí àtẹ̀gùn àti ní ìdí ẹ̀rọ omi, irú àwọn ìjòyè bẹ́ẹ̀ kò wọ́n. Àwọn ni í wí pé, “Bí ó bá ṣe èmi ni, n kò ní gbà!” Nígbà tí ìjà bá sì bẹ̀rẹ̀, wọn a ti lọ sílé wọn.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú Ìwé Joṣua, orí 22. Àwọn ẹ̀yà Reubẹni àti Gadi àti ìdajì ẹ̀yà Manasse tẹ́ pẹpẹ ńlá kan ní etí odò Jordani. Àwọn yòókù gbọ́, inú wọn ru, wọ́n sì péjọ ní Ṣilo láti gbógun lọ bá wọn, nítorí wọ́n rò pé àwọn arákùnrin wọn ti yí padà kúrò lẹ́yìn Olúwa. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn aṣọ tí ó rin. Ọ̀ràn ìgbàgbọ́ ni. Síbẹ̀, kí idà tó jáde, wọ́n rán Finehasi àlùfáà àti olórí mẹ́wàá lọ láti béèrè. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tí Finehasi í ṣe: ọkùnrin tí ó fi ọ̀kọ̀ gún ẹlẹ́ṣẹ̀ pa ní ìgbà kan rí ni. Òun ni ó wá fi ẹsẹ̀ rìn lọ láti gbọ́ tẹnu wọn. Kódà, ó wí fún wọn pé bí ilẹ̀ wọn kò bá dára lójú wọn, kí wọ́n rékọjá wá gba ààyè láàrin àwọn.

Kí ni ìdáhùn tí ó gbọ́? Wọ́n ní pẹpẹ náà kì í ṣe fún ẹbọ rárá. Ẹ̀rù ni ó bà wọ́n pé, ní ọjọ́ iwájú, nítorí odò tí ó wà láàrin, àwọn ọmọ ẹ̀yìn odò lè má ní ìpín mọ́ láàrin àwọn ènìyàn Olúwa. Ẹ̀rí ìdàpọ̀ ni wọ́n fi pẹpẹ náà ṣe. Ohun tí a pè ní ìyapa, ìfẹ́ ni. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n béèrè, ọmọ ìyá ì bá pa ọmọ ìyá nítorí àmì ìfẹ́. Ẹ kíyèsí èyí pẹ̀lú: àwọn tí a fẹ̀sùn kàn kò wí pé, “Irú ènìyàn wo ni ẹ fi wá pè?” Wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé. Bí ó ti jẹ́ ojúṣe ẹni tí ọ̀ràn dùn láti béèrè, bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ ojúṣe ẹni tí a bi láti dáhùn láìka ìbéèrè náà sí ẹ̀gàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìtàn láéláé ni gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kì, tí kò jìnnà sí Ìlàsàn, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2022. Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú ẹ̀rọ ohùn fún àwọn olórin ni àwọn ọlọ́kadà ṣù bò, wọ́n lù ú pa, wọ́n sì dáná sun òkú rẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà wí pé àríyànjiyàn lórí 100 náírà ni ó dá a sílẹ̀. Ọgọ́rùn-ún náírà! Kò tó owó búrẹ́dì kan. Nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, ẹni mélòó ni í dúró béèrè pé, “Kí ni ó ṣẹlẹ̀?” Ẹnì kan ké, èkejì sáré wá, ẹ̀kẹta mú igi dání, nígbà tí yóò sì fi di pé ẹnì kan fẹ́ mọ ìdí ọ̀ràn, ẹ̀mí ti bọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Etí-Ọ̀sà sì wà nínú wọn. Ẹni tí ó pa ènìyàn pàdánù oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ rárá, tí ó ń fi ọ̀kadà bọ́ ìyàwó àti ọmọ, pàdánù tirẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìbínú ti rí nìyẹn: kì í jó ilé ẹnì kan ṣoṣo.

Àwa mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, “Ẹ̀kọ́ yìí dára, ṣùgbọ́n ènìyàn búburú ń bẹ. Ṣé kí á máa fi ojú rere wo olè àti oníjìbìtì?” Ìbéèrè yìí tọ́, a kò sì ní fò ó. Ríro rere sí ọmọnìkejì kì í ṣe fífọ́ ojú. Ẹni tí ó bá béèrè kí ó tó bínú kò tíì dáríjì, kò sì tíì dá lẹ́bi. Ó kàn fẹ́ mọ òtítọ́ ni. Bí òtítọ́ náà bá sì burú, ọ̀nà wà. Olúwa wa fi hàn ní Ìhìn Rere Matteu, orí 18, pé kí á kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin wa ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́yìn náà kí á mú ẹlẹ́rìí lọ, lẹ́yìn náà ni ìjọ yóò gbọ́. Nínú ẹ́sítéètì, àwọn àgbà ilé àti ẹgbẹ́ olùgbé wà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pàápàá ní ilé ìlàjà tí a ń pè ní Citizens’ Mediation Centre, níbi tí onílé àti ayálégbé, aládùúgbò àti aládùúgbò, lè lọ parí ìjà láìsan owó.

Ohun kan sì wà tí a kò gbọdọ̀ pa mọ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, tàbí ọmọ tí ẹnì kan nínú ilé ń bà jẹ́, àwa kò sọ fún un pé kí ó jókòó kí ó máa ro rere. Ìṣe tí ó ń dá ọgbẹ́ sí ènìyàn lára kò nílò ìtumọ̀ kankan mọ́. Òfin wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2007 tí ó dáàbò bo ẹni tí a ń hùwà ipá sí nínú ilé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sá lọ sí ibi ààbò, kí ó sì sọ̀rọ̀. Ìjọ tí ó bá ní kí ó padà lọ fara dà á ti ṣi ẹ̀kọ́ sùúrù lò.

Nísinsìnyí, báwo ni a ó ṣe máa ṣe é lójoojúmọ́? Ní àkọ́kọ́, nígbà tí ọ̀ràn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dunni, ẹ pa ẹnu mọ́ títí àyà yóò fi rọ̀. Ẹ mu omi, ẹ jókòó, ẹ gbàdúrà kúkúrú. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè pé: “Kí ni ojú mi rí? Kí sì ni ọkàn mi fi kún un?” Ẹ wá ó kéré tán ìdí méjì mìíràn tí ẹni náà fi lè ṣe ohun tí ó ṣe. Ọ̀dọ́ tí ó kọjá láìkí yín lè ti gbọ́ ìròyìn ikú lórí fóònù. Ẹni tí ó tan ẹ̀rọ amúnáwá ní òru lè ní aláìsàn tí ooru ń dà láàmú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ béèrè, ẹ sì fara balẹ̀ yan ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá gun òkè lọ tí ó wí pé, “Kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi ń da omi lé mi lórí?” ìdájọ́ ni ó gbé lọ, kì í ṣe ìbéèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, “Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Mo bá omi lára aṣọ mi. Ṣé kò sí nǹkan tí ó ṣe yín lókè?” ìdáhùn àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni, “Háà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ fi ẹsẹ̀ lọ, ẹ má fi ìkọ̀wé orí fóònù ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ kò ní ohùn, kò ní ẹ̀rín, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ojú. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn yóò fi ohùn ìbínú kà á. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí dídúró yín di fífi ọ̀ràn sínú fún oṣù mẹ́ta; àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Éfésù pé ìbínú kò gbọdọ̀ bá wa di alẹ́.

Ẹ̀yin òbí, nínú ilé ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí àwo bá fọ́, tí pàṣán sì kọ́kọ́ dé kí ìbéèrè tó dé, irọ́ ni ọmọ náà yóò fi dáàbò bo ara rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá bi pé, “Ọmọ mi, báwo ni ó ti rí?” tí a sì dúró gbọ́ ọ, yóò kọ́ òtítọ́, yóò sì kọ́ bí a ti ń bi ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ọkọ, bí oúnjẹ bá pẹ́, ẹ béèrè bí ọjọ́ ti rí fún ìyàwó kí ẹ tó béèrè oúnjẹ. Ẹ̀yin ìyàwó, bí ọkọ bá wọlé láìsọ̀rọ̀, ẹ má ṣe tètè ro obìnrin mìíràn. Ìdúró nínú ọkọ̀ láti Ọbáléńdé dé Jákàńdè tó láti pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀, bí owó bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ wo inú àpò aṣọ àná kí ẹ tó pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè.

A bẹ̀ yín, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí olúkúlùkù wa rántí ẹnì kan ní àdúgbò tí a ti ń yẹra fún nítorí ohun tí a rò pé ó ní lọ́kàn sí wa, tí a kò sì bi í rí. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kí i, kí ẹ sì béèrè. Kí Ọlọ́run àlàáfíà fún wa ní etí tí ó ń gbọ́ àti ahọ́n tí ó mọ ìgbà tí a ń dákẹ́. Ó dìgbà náà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.